Ọjọ́ Ọjà Ọ̀fàdà Nínú Ìwé Bàbá Àgbà

Ọdún tí katapílà ń la ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn kọjá lẹ́yìn ilé wa ní Mowe ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì rò pé mo ti gbọ́n tán. Àkùkọ Ìyá Àgbà ló máa ń kọ́kọ́ jí, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbálẹ̀ mi, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ mi ni ikọ́ Bàbá Àgbà, tó máa ń hú lẹ́ẹ̀mẹta nínú yàrá kó tó jáde, kí ẹni tó bá ń ṣe ohun tí kò yẹ nínú àgbàlá lè tètè jáwọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ dáadáa, katapílà á bẹ̀rẹ̀ sí í bú, a ó sì máa pariwo bá ara wa sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Eruku pupa bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó bo aṣọ tí mo bá sá, ó bo ọmọrí ìkòkò omi. Ìyá Àgbà ní ọ̀nà tí kò tíì gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan ti ń kó yanrìn sí òun lọ́bẹ̀. Èkó ni bàbá mi àti ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní tiwọn, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà méjì yìí ni wọ́n fi mí sí. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni mo ti kàwé, Mowe ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, kì í ṣe yunifásítì.

Bàbá Akọ̀wé ni gbogbo ìlú ń pe Bàbá Àgbà, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì. Ó ní àpótí kan tí wọ́n fi igi ìrókò kàn, tó máa ń da kámfọ̀ sí kí kòkòrò má bàa wọ ibẹ̀. Ìwé ló kún inú rẹ̀, irú ìwé kan ṣoṣo sì ni: ìtàn àwọn ọ̀ràn tí ènìyàn dá lóòótọ́, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ dé kóòtù. Bàbá àgbà àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kó Bíbélì àti Kùránì jọ, tèmi ń kó àwọn olè àti apànìyàn jọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwé ló ń wọ àpótí náà. Bàbá Àgbà á kọ́kọ́ ṣí ìwé láàárín, á wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òwú ni wọ́n fi rán an tàbí gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, á wá ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ti sọ pé, "Ibí yìí kò yé mi," tàbí pé, "N kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n." Bí kò bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á pa ìwé náà dé, á ní, "Ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ tán, irọ́ ló ń pa." Èyí tó bá kọjá ibẹ̀ la ó máa kà sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, lójú gbogbo ará ilé àti ẹni tó bá yà wọlé, ẹnikẹ́ni ló sì láṣẹ láti dá ìwé dúró. Ó ní ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú ènìyàn. Mo ti rí i tí bíríkìlà kan dá ìwé dúró nítorí pé wọ́n ní olè fi ọwọ́ lásán wó ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, ìwé náà kò sì wọ àpótí. Nítorí èyí, bí àríyànjiyàn bá dé láàárín àwọn ènìyàn wa, tí ẹnì kan bá ní, "Ó wà nínú àpótí Bàbá Akọ̀wé," ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Bọ̀dá Táyé, tó máa ń gbé ìwé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti ìdí rélùwéè Ifọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa, ló mú ìwé tí mo ń wí yìí wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ti ọ̀tẹ̀ yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo tìtorí yín wá. Ìwé nípa tòsí ibí ni. Olówó obì tí wọ́n pa ní Ifọ̀ láyé ọjọ́sí." Bàbá Àgbà gba ìwé náà, ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí òwú, inú rẹ̀ dùn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, nítorí náà èmi ni mo ń kàwé sókè. Tìṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ló kọ ọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rin gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó wọn ojú ọ̀nà láti ilé olówó obì dé ìdí rélùwéè, ó ka iye igi tó wà níbẹ̀. Ní ojú ewé kẹta, ó ti kọ ọ́ pé òun kò mọ ìdí tí olówó obì fi jáde láìmú ọmọ ọ̀dọ̀ dání. Bàbá Àgbà pa àtẹ́wọ́. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o gbọ́? Kò mọ̀, ó sì sọ pé òun ò mọ̀! Ìwé gidi nìyí." N kò rí i kó yin ìwé báyẹn rí kí á tó kà á dé ìdajì.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà la máa ń sábà jẹ ní ọjọ́ tí a bá ń kàwé, nítorí òkúta inú rẹ̀ pọ̀, ṣíṣà á sì dára fún ẹni tó ń gbọ́ ìtàn. Ìyá Àgbà á da ìrẹsì sínú àtẹ, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa ṣà á, á máa gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ òkúta nínú rẹ̀, á ní ibi tí wọ́n ti gún ẹnì kan lọ́bẹ nínú ìwé ni ọwọ́ òun ti gbọ̀n. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí à ń pè ní Ìyá Oníìrẹsì la ti ń rà á. Ọ̀fàdà ló ti ń se é tó ń gún un, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń rù ú wá fún wa. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì kúnlẹ̀ kí àgbà, orúnkún méjèèjì á kanlẹ̀ pátápátá. Ó ní ọmọbìnrin kan, Mọ́ríámọ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ìdílé kan ní Ibafo ti wá tọrọ Mọ́ríámọ̀ fún ọmọ wọn, wọ́n sì ti gbà á. Gbogbo wa la mọ̀, nítorí Ìyá Oníìrẹsì, tí kì í rẹ́rìn-ín, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àbọ̀ ife kún ìrẹsì wa láìjẹ́ pé a tọrọ.

Ọjọ́ kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà ni Àlájì Oníkẹ̀kẹ́ ti Ibafo wọlé. Òun ni àgbà ìdílé ọkọ ìyàwó, iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe ló ń ṣe. Wọ́n gbé omi fún un, kò mu ún. Ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ìwádìí ló gbé mi wá. Ẹ mọ̀ pé a kì í fẹ́yàwó láìṣèwádìí. Wọ́n ní ìwé kan jáde, pé Làmídì tó pa olówó obì wà nínú ẹ̀. Làmídì yẹn ni bàbá Ìyá Oníìrẹsì. Ọmọ ọmọ apànìyàn la fẹ́ gbé wọlé yẹn." Bàbá Àgbà ní, "Bàbá Ìyá Oníìrẹsì kẹ̀?" Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò mọ̀. Àlájì ní, "Òun ni. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n mú bàbá rẹ̀ lọ, ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n sọ ọ́ sí, inú ẹ̀wọ̀n ló kú sí. Àwọn àbúrò mi ní tí ìwé náà bá wọ àpótí yín, òótọ́ ni, kí á gba ìdána wa padà. Tí kò bá wọ̀ ọ́, a jẹ́ pé irọ́ ni, ìgbéyàwó ń lọ nìyẹn. Ẹnu yín là ń wò." Bàbá Àgbà ní kó fún òun di ọjọ́ Sunday. Bí mo ti ṣe kékeré tó, mo mọ̀ pé ìwé tí mo gbé lé itan yìí ti di ọ̀ràn ìgbésí ayé Mọ́ríámọ̀, ọwọ́ mi kò sì fẹ́ ṣí i mọ́.

Ṣùgbọ́n a kà á. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Oníìrẹsì fúnra rẹ̀ gbé ìrẹsì wá, Bàbá Àgbà sì ní kó jókòó, nítorí kò fẹ́ kí á máa ka orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó sórí ìtìsẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan. Mo ka ibi ẹjọ́. Làmídì ní òun kọ́, pé lọ́jọ́ tí wọ́n pa olówó obì ní Ifọ̀, ọjà Ọ̀fàdà lòun wà tí òun ń ta àkéte. Àwọn obìnrin méjì ní àwọn rí i níbẹ̀. Adájọ́, tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ní kí akọ̀wé kóòtù ka ọjọ́ ọjà fún òun. Tìṣà tó kọ ìwé náà kò fo ohunkóhun, gbogbo ohun tí akọ̀wé kọ sílẹ̀ ló dà kọ bó ti wà. Mo kà á báyìí: "Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà Ọ̀fàdà ń ná. Ó ná ní ọjọ́ Ajé, kò sì tún ná mọ́ títí di Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pa olówó obì. Kò sí ọjà ní Ọ̀fàdà lọ́jọ́ náà." Adájọ́ ní Làmídì àti àwọn obìnrin méjèèjì purọ́ nìyẹn.

Ìyá Àgbà gbé orí sókè láti inú àtẹ ìrẹsì. Ó ní, "Dúró, Àbẹ̀kẹ́. Ọjọ́ wo lo ní ọjà ná?" Mo ní ọjọ́ Ajé. Ó na àtàǹpàkò, ó ní, "Ajé." Ó na ìka tó tẹ̀lé e, "Ìṣẹ́gun." Ó ń nà wọ́n lọ, "Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀," títí ó fi kan ọmọńdinrín, ó ní, "Ẹtì. Ọjọ́ márùn-ún pé. Ṣé kì í ṣe ọjọ́ tí ọjà ná lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ni? Èwo ni Àbámẹ́ta? Ọjà kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ta ni akọ̀wé òpònú yẹn?" Ogún ọdún ni Ìyá Àgbà fi ta iyọ̀ láti ọjà dé ọjà, kò sí ìwé tó lè kọ́ ọ ní ọjọ́ tí ọjà ń ná. Ìyá Oníìrẹsì bo ẹnu. Ó ní, "Ìyá mi ń wí bẹ́ẹ̀. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀, pé ọjà ná." Omi ojú rẹ̀ ń dà lu ọwọ́ rẹ̀, kò nù ún. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè, mo ní ìwé náà ti já, kò ní wọ àpótí! Mo yíjú sí Bàbá Àgbà kó lè yìn mí. Ó ti dìde. Ó wọ yàrá lọ láì wúkọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹun láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ń fọ abọ́ lábẹ́ fèrèsé wọn ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Délé, èmi ni akọ̀wé òpònú náà." Délé ni bàbá mi. Ìyá Àgbà ní, "Ìwé náà dárúkọ yín?" Ó ní rárá, akọ̀wé kóòtù lásán ni wọ́n pè é. Ìyá Àgbà ní, "Ṣebí ó tán. Ẹ sọ fún Àlájì pé irọ́ ló wà nínú ìwé, wọ́n á fi ọmọ wọn fẹ́ ọmọ olọ́mọ, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, kí lẹ tún ń wá?" N kò gbọ́ èsì Bàbá Àgbà. Abọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì pa fèrèsé dé. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbàdúrà kó gba ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ èyí nítorí pé ìtìjú rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi: ọmọ tó ti ń fi ìwé tọ́ òtítọ́ wò láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n kà, òun gan-an ló ń bẹ Ọlọ́run pé kí bàbá àgbà òun purọ́ kékeré kan.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Àlájì Oníkẹ̀kẹ́ mú àbúrò méjì wá, Ìyá Oníìrẹsì àti ọkọ rẹ̀ wá, àwọn aládùúgbò sì rí iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe nítòsí. Bàbá Àgbà gbé ìwé náà sókè. Ó ní, "Àlájì, ẹ bi mí bóyá ìwé yìí á wọ àpótí. Á wọ̀ ọ́." Ọkọ Ìyá Oníìrẹsì kérora. Bàbá Àgbà ní, "Ẹ fara balẹ̀. Ìwé dáadáa ni. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi ohunkóhun pamọ́, ká ní ó fi pamọ́ ni, a kì bá tí rí àṣìṣe inú rẹ̀. Làmídì wà lọ́jà. Òótọ́ ló sọ. Àṣìṣe ọjọ́ ọjà yẹn, tèmi ni. Èmi ni akọ̀wé, ẹjọ́ náà kò sì ṣàjèjì sí mi, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé mo ṣì í kà títí ìyàwó mi fi na ìka. Ilé míṣọ́n ni mo ti dàgbà, n kò ná ọjà rí láyé mi. Wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni Ọ̀fàdà ń ná, mo gbé márùn-ún, mo rò ó mọ́ ọjọ́ Ajé bí ìṣirò iléèwé. Àwọn ìyálọ́jà jókòó sí ìta kóòtù lọ́jọ́ náà. N kò jáde bi wọ́n. Mo wọ ṣòkòtò òyìnbó, mo ní bàtà, ojú ń tì mí láti bi obìnrin tí kò mọ̀wé ní nǹkan tó yẹ kí n mọ̀."

Àlájì Oníkẹ̀kẹ́ ní, "Bàbá, bí ẹ bá ti ní irọ́ ni, à bá gbà. Kí ló wá dé tí ẹ fi tú ara yín síta báyìí?" Bàbá Àgbà ní, "Ẹ ó gbà nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni adájọ́ ṣe gbà á nígbà yẹn." Ó wá bọ́ fìlà, ó yíjú sí Ìyá Oníìrẹsì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un lórí sìmẹ́ńtì, obìnrin tó lè bí lọ́mọ. Àwọn ènìyàn ń ké pé kó dìde, pé èèwọ̀ ni. Ìyá Oníìrẹsì wò ó. Ó gbé àtẹ rẹ̀ òfìfo tó ti fi sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ọjọ́ tí a kàwé, ó jáde lọ, ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Àlájì ló fa Bàbá Àgbà nílẹ̀, tó gbọn eruku lára agbádá rẹ̀, tó sì ní kò sí ẹni tó máa gba ìdána kankan padà mọ́. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Bàbá Àgbà ní kí n mú báírò wá. Ẹ̀gbẹ́ ojú ewé náà ló ní kí n kọ ọ́ sí: "Èmi ni mo ka ọjọ́ yìí. Mo ṣì í kà. Ẹtì ni ọjà Ọ̀fàdà ná." Orúkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àwọn lẹ́tà náà tóbi nítorí kò ríran dáadáa. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ju ìwé náà nù. Ó ní àwọn tí wọ́n ti tà kiri kò ṣe é kó padà, ó kéré tán kí ọ̀kan wà tó ní àtúnṣe nínú.

Èmi náà ti ń ra ìwé báyìí, àpótí rẹ̀ wà nílé mi. Àwọn ènìyàn ń bi mí pé kí ni mo fi ń mọ ìwé tó yẹ kí n tọ́jú, mo sì máa ń sọ nípa òwú, nípa gọ́ọ̀mù, nípa ẹni tó lè sọ pé òun ò mọ̀. N kì í sábà sọ fún wọn pé ìwé tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tó dójú ti ilé wa. Irú ènìyàn bí bàbá yẹn kò pọ̀. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo rí ẹnì kan tó ra òtítọ́ nígbà tí wọ́n ti fẹ́ fún un ní èké lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó sì fi ojú rere gbogbo ìlú san án. Nítorí ó san án lóòótọ́. Àwọn kan kò wá bá a yanjú àríyànjiyàn mọ́. Wọ́n ní akọ̀wé tí kò mọ ọjọ́ ọjà.

Ìyá Oníìrẹsì kò wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò wá ní èyí tó tún tẹ̀lé e. Ẹ̀bà la ń jẹ. Ìyá Àgbà fẹ́ lọ ra ìrẹsì lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, Bàbá Àgbà ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lọ́sàn-án, mo gbórí sókè nídìí odó, mo rí i tó dúró ní àgbàlá láì ru ohunkóhun. Bàbá Àgbà wà lórí àga rẹ̀. Ìyá Oníìrẹsì kí i, ṣùgbọ́n kò kúnlẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, Sunday tó ń bọ̀ ni yìgì Mọ́ríámọ̀. Wọ́n ti to ìjókòó àwọn àgbà. Ti bàbá mi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jókòó sí i. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di òfìfo. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá jókòó sí i." Ó yí padà, ó lọ. Bàbá Àgbà ní kí n lọ fọ aṣọ funfun òun.

A lọ. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó sì jókòó sí etí àga náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fẹ̀yìn tì í, kò gba omi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣàdúrà fún àwọn òbí ìyàwó, àfáà nawọ́ sí i, ó bèèrè orúkọ bàbá àgbà ìyàwó. Bàbá Àgbà di ọwọ́ àga mú, ó dìde. Ó ní, "Làmídì ni orúkọ rẹ̀. Èmi kàn bá a jókòó sí àga rẹ̀ ni."